Agolo Oníwúrà Màámi

Màámi kì í ra agolo bí àwọn obìnrin yòókù ṣe ń rà á. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta agolo àlòkù l'Ọ́jà'ba, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò yí ẹnu wọn sí oòrùn, yóò sì wo inú wọn. Èyí tí inú rẹ̀ bá funfun bí irin, á dá a padà. Èyí tí inú rẹ̀ bá ń dán bíi wúrà ló ń wá. Ó ní agolo funfun máa ń dípẹtà, ìpẹtà a sì ba mọ́ínmọ́ín jẹ́, ṣùgbọ́n oníwúrà kì í dípẹtà, àfi bí èèyàn bá lò ó títí tí wúrà inú rẹ̀ fi tán. Àwọn tó ń tà á mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n á máa bi í pé ṣé agolo ni Àlhájà fẹ́ rà ni àbí yẹtí. Màámi á ní bí òun bá ra yẹtí, ta ló máa rí i jẹ.

Ilé wa wà ní Pópó Yemọja. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí ìjọba wọn múlẹ̀ n'Íbàdàn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, sìmẹ́ńtì tí wọ́n sì wá fi rẹ́ ẹ lára lẹ́yìn náà ti ń bó káàkiri. Nígbà tí mo gbọ́njú, àwa mẹ́ta péré ló ń gbé yàrá méjì apá ọ̀tún: Màámi, èmi, àti àbúrò mi obìnrin. Bàbá wa ti kú. Màámi ń ta òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ní Bẹẹrẹ, òwò yẹn ló sì fi rán wa níwèé. Mọ́ínmọ́ín kì í ṣe òwò rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó ta díẹ̀ fún òun, ẹ̀rín ló fi máa ń dá a lóhùn.

Ìrọ̀lẹ́ Alàmísì ló máa ń sè é, ó fi ń ṣe sàráà nítorí bàbá wa. Láti òwúrọ̀ ló ti máa rẹ ẹ̀wà, èmi àti àbúrò mi la ó bó o. A ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta, Màámi á sì ti kìlọ̀ pé kí a dúró kí wọ́n fọ ẹ̀rọ náà lójú wa kí wọ́n tó da tiwa sí i. Bí a bá dé, yóò pò ó mọ́ òróró, iyọ̀ àti ẹja tó ti ṣà. Yóò fi òróró ra inú agolo kọ̀ọ̀kan, yóò bu ẹ̀wà sí i, kò ní jẹ́ kó kún nítorí pé ó máa wú, yóò wá tò wọ́n sínú ìkòkò ńlá. Omi á máa hó lábẹ́ wọn títí òórùn rẹ̀ á fi gba gbogbo ilé. Bó bá jinná, yóò fi ọ̀bẹ yí ẹ̀gbẹ́ agolo ká nínú kí mọ́ínmọ́ín lè jáde láìfọ́. Èyí tó bá fọ́, àwa la ni ín. Èyí tó bá jáde ní odindi, ti àwọn ọmọ àdúgbò tó ti tò sẹ́nu ọ̀nà ni.

Èmi àti àbúrò mi náà la máa ń fọ agolo. Iyanrìn la fi ń ha á, torí pé Màámi kórìíra kí ẹ̀wà gbẹ mọ́ ọn nínú. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wúrà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, irin á yọjú lábẹ́ rẹ̀, Màámi á sì ní ó ti tó àsìkò láti tún lọ sí Ọjà'ba. Àwọn ìyá àgbà ilé wa ṣì ń fi ewé pọ́n tiwọn. Màámi ní ewé ń jò, agolo ò jò, ọ̀làjú sì ti dé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bi ara rẹ̀ pé níbo ni wúrà tó ń ṣí yẹn ń gbà lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tí Màámi jẹ́. Kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn ún sọ. Mi ò gbọ́ ọ rí kó sọ pé òun fẹ́ràn wa, kò sì jọ pé ó ń wù ú láti sọ ọ́. Bí mo bá ṣe dáadáa nílé ìwé, agolo tó tóbi jù ni yóò gbé síwájú mi, á wá máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá bá mi wí tí ọ̀rọ̀ náà le jù, nígbà tó bá yá, á pè mí kí n wá bá òun tọ́ iyọ̀ wò. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tí àwọn ìyá mìíràn ń fi ẹnu sọ, inú agolo ni tiwa máa ń sọ ọ́ sí.

Èmi le, àbúrò mi rọ̀. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fún wa lóúnjẹ tó bi wá pé ṣé ó dùn, àbúrò mi á ní ó dùn gan-an, èmi á ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Màámi máa ń sọ pé ẹnu mi dà bíi kóńgò tí wọn ò tíì fi òkúta lù nídìí, ohun tó bá gbà náà ló máa wọ̀n. Ó ń bú mi ni, ṣùgbọ́n èmi gbà á bí ìyìn. Ìwà yẹn ló gbé mi dé yunifásítì, ibẹ̀ náà ni mo sì gba iṣẹ́ sí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wádìí ohun tó ń bá oúnjẹ àti omi wọ ara èèyàn.

Àbúrò mi fẹ́ ọkọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé wa. Nígbà tó lóyún, gbogbo oúnjẹ ló ń lé e. Bó bá gbọ́ òórùn ọbẹ̀, á sáré jáde. Mọ́ínmọ́ín Màámi nìkan ló ń dúró nínú rẹ̀. Màámi ò wá dúró de Alàmísì mọ́. Àràárọ̀ ló ń sè é. Yóò fi aṣọ wé agolo náà pẹ̀lú ooru lára, yóò gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń rìn bí ọmọge.

Oyún náà bàjẹ́. Àwọn ará ilé wá, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń sọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bínú sí wọn, ṣùgbọ́n mo rí ojú àbúrò mi bó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ṣe mí bíi kí n lé gbogbo wọn jáde.

Ó tún lóyún. Màámi ní ara rẹ̀ ni kò lókun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹyin sí mọ́ínmọ́ín náà, ó sì sọ agolo kan di méjì. Oyún yẹn pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti yọ dáadáa, a ti ń bá a sọ̀rọ̀. Òun náà bàjẹ́. Mo wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Àbúrò mi kọjú sí ògiri. Dókítà ní àwọn ò rí ohun tó fà á. Màámi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú agolo tó fi aṣọ wé lórí itan rẹ̀, ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ yíjú padà, títí oúnjẹ náà fi tutù.

Àsìkò yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa ní yunifásítì kan ọ̀rọ̀ agolo. Ọ̀gá mi gé ọ̀kan sí méjì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ìka gbá inú rẹ̀. Ó ní ọ̀dà tó ń dán yìí ni ká yẹ̀ wò, èròjà kan tó ń jẹ́ bísífẹ́nọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Mo na ọrùn wò ó. Wúrà Màámi ni.

Mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ní kí Màámi fún mi ní agolo méjì. Ó ṣa èyí tó dára jù lọ fún mi. Ó rò pé mo fẹ́ máa sè é níbi tí mo ń gbé ni, inú rẹ̀ sì dùn, torí pé mi ò bìkítà fún oúnjẹ sísè rí. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi òróró ra á. Mo gbé wọn lọ sí yàrá ìwádìí wa, mo da omi àti òróró sínú wọn, mo sè wọ́n bó ṣe ń sè wọ́n, mo fi ọ̀bẹ yí wọn ká bó ṣe ń ṣe. Ohun tí à ń wá wà nínú omi náà. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú iṣẹ́ yìí, èèyàn kì í tìtorí pé nǹkan ò pọ̀ kó fọkàn balẹ̀, nítorí pé họ́mọ̀nù pàápàá kì í pọ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo tún padà wálé, Màámi wà ní fàráńdà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo jókòó tì í. Àwa méjì péré ni.

"Ṣé àwọn agolo yẹn wúlò fún ọ dáadáa?"

"Mi ò fi wọ́n se oúnjẹ, Màámi. Mo fi wọ́n ṣiṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ kín ni wọ́n ń fi agolo ṣe ní yunifásítì?"

Mo sọ fún un pé ohun tó ń dán nínú agolo yẹn kì í ṣe wúrà. Ọ̀dà ni, wọ́n fi kùn ún kí oúnjẹ má baà jẹ irin. Mo ní bí ooru bá mú un, bí òróró bá kàn án, bí ọ̀bẹ àti iyanrìn bá ha á, díẹ̀ lára èròjà tí wọ́n fi ṣe é máa ń bọ́ sínú oúnjẹ.

"Májèlé ni?"

"Kì í ṣe bíi májèlé. Ẹni tó jẹ ẹ́ kò ní mọ̀ pé òun jẹ nǹkan. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ nínú ara ni wàhálà rẹ̀."

"Iṣẹ́ ta ló ń jẹ́?"

Ìbéèrè tó dára ni. Mi ò retí rẹ̀. Mo gbé àga mi súnmọ́ ọn. Mo ní, ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan jìnnà síra, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè pe ara wọn. Bí ilé ẹyin obìnrin bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ilé ọmọ sọ, á rán ońṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀. Ońṣẹ́ yẹn là ń pè ní họ́mọ̀nù. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e yí gbogbo ara ká, ṣùgbọ́n ibi tí olùgbà bá wà fún un nìkan ni wọ́n á ti gbọ́ iṣẹ́ tó wá jẹ́.

"Màámi, láyé àtijọ́ tí wọn kì í kọ̀wé, báwo ni wọ́n ṣe ń ránṣẹ́?"

"Àrokò ni wọ́n ń pa. Wọ́n á so owó ẹyọ méjì kó dojú kọra, wọ́n á fi rán ẹnì kan. Ẹni tó bá gbà á á mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ríra pẹ̀lú òun."

"Ẹni tó gbà á, kín ló máa wò? Ṣé ojú ẹni tó gbé e wá ni?"

"Rárá o. Ohun tí wọ́n so ni yóò wò."

"Tó bá wá jẹ́ pé afọ́jú ni, tó jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n ńkọ́? Tí ẹnì kan wá so òkúta wẹẹrẹ méjì tó rí bí owó ẹyọ?"

Màámi ronú díẹ̀. "Á dìde, á múra, á máa lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti pè é."

Mo pàtẹ́wọ́. Mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rọ̀ yìí tipẹ́, kò sí ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Olùgbà inú ara kò lójú. Ihò kan ló ní, ìrísí ohun tó bá wọ ihò náà ló fi ń mọ ẹni tó dé. Họ́mọ̀nù obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn ní kókó kan ní ìkángun kìíní, ó ní òmíràn ní ìkángun kejì, kókó méjèèjì yẹn ni olùgbà fi ń dì í mú. Bísífẹ́nọ́ọ̀lù náà ní kókó méjì, bí wọ́n sì ṣe jìnnà síra fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹ́sítírójìn mu. Nítorí náà, olùgbà á gbà á sílé, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọn ò rán an. Lóòótọ́, kò lágbára tó ońṣẹ́ gidi, ọwọ́ olùgbà kì í dì í mú pẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè dé nígbà tí kò yẹ kí ońṣẹ́ kankan dé.

Mo ní èyí nìkan kọ́. Olùgbà mìíràn wà fún họ́mọ̀nù ọkùnrin. Bí bísífẹ́nọ́ọ̀lù bá dé ibẹ̀, kì í jẹ́ iṣẹ́ kankan, á kàn jókòó sẹ́nu ihò náà ni.

"Bí àlejò tó jókòó sórí àga onílé," ni Màámi wí.

"Onílé á dé, kò ní ríbi jókòó, á padà síbi tó ti wá."

Ó mi orí. Inú mi dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn gan-an lọ́sàn-án yẹn. Mo ti kúrò nílé wa tipẹ́ pẹ̀lú ìwé tí ẹnì kankan níbẹ̀ ò lè bá mi sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyá mi wá nìyí, ó ń ṣáájú mi dé ibi tí mo ń lọ.

"Nígbà tí obìnrin bá lóyún ńkọ́," ó bi mí, "ṣé àwọn ońṣẹ́ yìí ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn pọ̀ jù. Àwọn ni wọ́n ń sọ fún ilé ọmọ pé kó di oyún mú, àwọn ló ń sọ fún ọmọ inú bó ṣe máa dàgbà. Gbogbo rẹ̀ ló ní àkókò tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣáájú, tàbí tó bá pẹ́..."

Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú ẹ̀wà. Kò wò mí. Ó ń wo ojúde ilé, níbi tí àwọn adìyẹ ti ń walẹ̀.

"Ṣé òun ló pa àwọn ọmọ àbúrò rẹ?"

Mo ti mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn kó tó bi mí. Mo ti bi ara mi nílé ìwòsàn, mo ti bi ọ̀gá mi. Àwọn onímọ̀ kan ti wádìí rẹ̀, wọ́n ní ó jọ pé ó ní ọwọ́ nínú oyún tó ń bàjẹ́. Àwọn mìíràn wádìí rẹ̀, wọn ò rí nǹkan. Ẹgbàágbèje nǹkan ló ń ba oyún jẹ́ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sí nínú rẹ̀. Kò sì sí bí èèyàn ṣe lè mú obìnrin kan ṣoṣo, kó tọ́ka sí oyún kan ṣoṣo, kó ní ohun báyìí ló fà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́, mo sì sọ ọ́.

"Mi ò mọ̀, Màámi."

Ó yí ojú padà sí mi. "O mọ gbogbo èyí tó o sọ yìí, o ò wá mọ ìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, bóyá púpọ̀ jù. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tẹ́tí sí ẹni tó wá kí i kú ọ̀fọ̀, á máa mi orí kí onítọ̀hún lè tètè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní ó ti yé òun. Ó da ẹ̀wà padà sínú àpò.

Nígbà tí mo tún máa fi délé, àwọn agolo ò sí lórí pẹpẹ mọ́. Mo bi í bóyá ó ti tà wọ́n. Ó ní ta ni òun fẹ́ tà á fún, ṣé ọmọ ẹlòmíì ni kó wá máa jẹ ẹ́? Ó ti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe dé ní Alàmísì, ó ní ọwọ́ ń dun òun. Ohun tó ń sọ fún wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn títí wọn ò fi wá mọ́. Àwọn kan ládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àlhájà ti di ahun. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn èèyàn. Obìnrin kan wà lágbo ilé kejì tó máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín wa nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun, tó sì pẹ́ kó tó bímọ. Màámi lọ kí i, ó bi í nípa ọmọ rẹ̀, ó bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ọmọ kan wà tí wọ́n bí tó ń ṣàìsàn, tí ìyá rẹ̀ náà ti jẹ mọ́ínmọ́ín wa rí; Màámi wá ìyá náà lọ sí Ìdí Arẹ́rẹ́. Kò sọ ìdí tó fi ń béèrè fún ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ló ń sọ ọ́ fún. Bí mo bá wálé, á sọ ẹni tó rí fún mi, á máa dúró de ohun tí mo máa sọ.

Mo ra ewé wá fún un. Mo ní kó fi ewé pọ́n ọn bíi ti àwọn ìyá àgbà, ewé ò ní ọ̀dà nínú. Ó ní òróró tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Ó ní omi tí oòrùn ń pa nínú ọ̀rá ńkọ́? Mi ò lè ní kò sí nǹkan níbẹ̀, n kò tíì yẹ̀ wọ́n wò. Mo wá ra àwo oníke fún un, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kò ní bísífẹ́nọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ sígbà náà la rí i níbi iṣẹ́ pé nígbà tí wọ́n yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àbúrò rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é fi sí i, bísífẹ́nọ́ọ̀lù mìíràn tó yàtọ̀ díẹ̀, tí àwọn olùgbà inú ara náà ń ṣí ilẹ̀kùn fún. Màámi bi mí nípa àwo náà. Mo sọ fún un. Ó ní òun ti fura. Ó kó wọn sílẹ̀ lójú mi láìbínú, ó ń jẹun nínú abọ́ onítánganran àtijọ́ kan ṣoṣo látìgbà náà.

Àbúrò mi ló bínú. Ó wá bá mi níbi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ gba Màámi lọ́wọ́ mi."

Mo ní mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ìlera rẹ̀ ni mo ń wá. Mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe, ṣé kí n mọ̀ kí n dákẹ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ?

"Ẹ ì bá kàn kó agolo lọ. Ẹ ì bá ní ó ti bàjẹ́. Ṣé ẹ rò pé mọ́ínmọ́ín ni mò ń jẹ ni?"

Ó bú sẹ́kún. Mo ti ní èsì púpọ̀ látìgbà náà, mo sì máa ń sọ wọ́n fún ara mi: pé wọ́n bi mí ni mo ṣe dáhùn, pé irọ́ kì í ṣe oògùn, pé Màámi fúnra rẹ̀ ló tọ́ mi láti máa sọ ohun tí mo bá rí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó lè mú ìkòkò ńlá yẹn padà sórí iná.

Ọlọ́run ṣe é, àbúrò mi tún lóyún. Oúnjẹ ń lé e bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún un, ó ń jẹ ẹ́ tipátipá. Màámi ń lọ kí i, ọwọ́ òfìfo ló fi ń lọ. Á jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, á bi í bóyá ó jẹun, á bi í bóyá ó sùn, á wá máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí tó fi máa dìde. Ní gbogbo àsìkò yẹn, n kò rí i kó fi ọwọ́ kan ikùn ọmọ rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀rù ló ń bà á, pé bí àbúrò mi bá bímọ tán, ẹ̀rù yẹn á lọ.

Ó bí ọmọbìnrin kan. Ó pé, ó sanra, igbe rẹ̀ ń dé títì. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí àwọn àlùfáà tó dé, àwa obìnrin nìkan la wà nínú yàrá. Ìyá ọkọ àbúrò mi wẹ ọmọ náà tán, àbúrò mi gbà á, ó dìde pẹ̀lú bí ara ṣe ń dùn ún tó, ó gbé e lọ bá Màámi níbi tó jókòó sí.

"Màámi, ẹ gbà á."

Màámi ti fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìborùn. Ó ń wo ọmọ náà pẹ̀lú ojú tí mi ò lè gbàgbé, bí ẹni tí ebi ń pa. Àbúrò mi dúró síbẹ̀, ó ṣì na ọmọ náà sí i. Màámi gbé ojú sókè, èmi ló sì wò, kì í ṣe òun. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì jáde, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú mi.

"Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé kò sí nǹkan níbẹ̀?"

Mo di ọwọ́ náà mú. Ó ti wẹ̀ ẹ́ títí awọ rẹ̀ fi ń pọ́n. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màámi. Ó dá mi lójú."

Ohùn rẹ̀ rọ̀, kò bínú rárá. Ó ní, "Ìwọ kì í sọ̀rọ̀ báyẹn nípa ohun tó ò tíì yẹ̀ wò."

Ó gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sábẹ́ ìborùn. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà fún ìyá ọkọ àbúrò mi, òun á máa wò ó láti ibi tí òun wà.